Ta Ló Yẹ Kó Sọ Pé “Èrè Rẹ Ń Bẹ Lọ́run”?

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo sọ nígbà tí mo wà ní ọdún kẹta ní ilé-ìwé gíga, ní Effurun, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Warri, tí kò tíì kúrò lọ́kàn mi títí dòní. Ọ̀rọ̀ rere ni. Inú Bíbélì ni a ti rí i. Síbẹ̀, mo ti wá gbà pé mo fi ọ̀rọ̀ náà dá ẹ̀ṣẹ̀. Ìbéèrè tí mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò nìyí: ǹjẹ́ ọ̀rọ̀ òtítọ́ lè di ohun ìrẹ́jẹ nítorí ẹnu tó ti jáde wá?

Akọ́nimọ̀ọ́gbá ilé-ìwé wa ni ọ̀rọ̀ náà bá. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀, mi ò sì ní dárúkọ ilé-ìwé náà. Kóòṣì ni gbogbo wa ń pè é. Ó ti gbá bọ́ọ̀lù rí kí orúnkún rẹ̀ tó bàjẹ́. Kí aago mẹ́fà àárọ̀ tó lù, ó ti wà lórí pápá pẹ̀lú àpò bọ́ọ̀lù tó gbé wá nínú kẹ̀kẹ́ Màrúwá láti Enerhen. Owó ara rẹ̀ ló fi ń ra omi inú ọ̀rá fún wa. Rọ́ọ̀bù tó fi ń wọ́ ẹsẹ̀ wa, tirẹ̀ ni. Bí ọmọ kan bá wá láìjẹun, kò ní pariwo rẹ̀. Yóò kàn mú un lọ sídìí alákàrà. Aṣọ́lé kejì ni mo jẹ́, ìyẹn ni pé orí bẹ́ǹṣì ni mo sábà máa ń wà. Ẹni tó bá sì jókòó lórí bẹ́ǹṣì ló ń rí kóòṣì dáadáa.

Ọdún mẹ́ta ló fi to ikọ̀ náà. Nígbà tí a pegedé fún ìdíje láàárín àwọn ilé-ìwé, wọ́n gbé ìwé orúkọ àwọn tó máa rìnrìn àjò jáde, orúkọ Kóòṣì kò sí níbẹ̀. Ẹlòmíràn tó súnmọ́ àwọn tó ń kọ ìwé ló bá wa lọ. A gba ife wálé. Nínú àwa tí a wọ bọ́ọ̀sì lọ, kò sí ẹni tó béèrè pé, “Kóòṣì wa dà?”

Ní ọjọ́ Ìsinmi ìdúpẹ́, èmi ni mo ń darí ètò ní fẹ́lóṣíìpù. Kóòṣì wá, ó jókòó lẹ́yìn, nítòsí ẹnu ọ̀nà. Lẹ́yìn tí kápútẹ́ẹ̀nì jẹ́rìí tán, mo ní kí Kóòṣì dìde, gbogbo ilé pàtẹ́wọ́ fún un. Mo wá gbóhùn sókè, mo ní, “Kóòṣì, ẹ má wo ojú ènìyàn. Èrè yín ń bẹ lọ́run!” Wọ́n hó Halelúyà. Kóòṣì rẹ́rìn-ín, ó sì fi Pidgin Warri dáhùn pé, “Àmín, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n onílé mi kò sí lọ́run o. Enerhen ló ń gbé.”

Ilé wó fún ẹ̀rín. Èmi ni mo rẹ́rìn-ín jù. Ẹ̀yin tí ẹ ti gbé Warri mọ̀ pé inú ẹ̀fẹ̀ ni wọ́n máa ń di òótọ́ ọ̀rọ̀ sí. Bí mo ṣe ń rẹ́rìn-ín, mo mọ̀ pé oṣù púpọ̀ ni Kóòṣì ti ń ṣiṣẹ́ láìgbowó. Owó tí a dá fún aṣọ ìdúpẹ́, èyí tí a máa ya àwòrán ife sí, wà nínú báàgì mi lọ́wọ́ kan náà. Kò tilẹ̀ wá sí mi lọ́kàn pé ọ̀kan lè bá èkejì tan.

Kì í ṣe Kóòṣì wa nìkan ni irú èyí ṣẹlẹ̀ sí. Ẹ wo Shuaibu Amodu, ọmọ ìpínlẹ̀ Ẹdó, aládùúgbò wa. Ní 2001, òun ni akọ́nimọ̀ọ́gbá nígbà tí Super Eagles pegedé fún Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2002, wọ́n ṣe ipò kẹta nínú ìdíje ife ilẹ̀ Áfíríkà ní Mali. Ipò kẹta yẹn kò tẹ́ ilé lọ́rùn. Wọ́n yọ ọ́, Olóyè Adégbóyè Onígbìndé ló kó ikọ̀ lọ sí Japan. Nígbà tó yá, wọ́n tún pè é padà. Ní oṣù kọkànlá 2009, Nàìjíríà na Kenya ní 3-2 ní Nairobi, a sì pegedé fún Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé ti South Africa. Ní oṣù kìíní 2010, ipò kẹta náà ni wọ́n tún ṣe ní Angola. Wọ́n tún yọ ọ́. Lars Lagerbäck, ọmọ Sweden, ló kó ikọ̀ lọ. Lẹ́ẹ̀mejì ló ro oko, lẹ́ẹ̀mejì ni wọ́n gba ọkọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tí iṣu ta. Ní 2002 àti ní 2010, pọ́ìǹtì kan ṣoṣo ni Nàìjíríà rí mú bọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òdodo: mi ò fi èyí bú àwọn tó gba ipò rẹ̀. Amodu fúnra rẹ̀ gba ikọ̀ náà lọ́wọ́ Jo Bonfrère ní àárín ọ̀nà ní 2001. Nínú iṣẹ́ kóòṣì, kò sí ẹni tí kì í kórè díẹ̀ nínú oko ẹlòmíràn. Olúwa wa pàápàá sọ fún àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ pé ibi tí wọn kò ti ṣe làálàá ni òun rán wọn lọ láti kórè. Ṣùgbọ́n nígbà tó sọ bẹ́ẹ̀, ó rán wọn létí pé àwọn ẹlòmíràn ló ti ṣe làálàá náà. Kò ní kí wọ́n gbàgbé wọn.

Ẹ tún wo Stephen Keshi, ọmọ Illah ní ìpínlẹ̀ Delta wa níbí. Òun ló mú Togo dé Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé fún ìgbà àkọ́kọ́. 2005 ni wọ́n pegedé. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2006, wọ́n pàdánù ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní Íjíbítì, wọ́n sì yọ Keshi kí wọ́n tó lọ sí Jámánì. Ní ọjọ́ 10 oṣù kejì 2013, ó gba ife ilẹ̀ Áfíríkà fún Nàìjíríà ní Johannesburg. Góòlù kan ṣoṣo tí a fi na Burkina Faso, Sunday Mba ló jẹ ẹ́, agbábọ́ọ̀lù líìgì ilé tí Warri Wolves àti Enugu Rangers ń dù mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Kí ọdún náà tó parí, ìròyìn ti gbòde pé owó oṣù méje ni wọ́n jẹ Keshi. Ó kú ní Benin City ní oṣù kẹfà 2016. Ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, Amodu náà kú, ní Benin City kan náà. Lónìí, orúkọ Keshi wà lára pápá ìṣeré ńlá tó wà ní Asaba. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ti rí wa tipẹ́: ọjọ́ a bá kú là ń dère, èèyàn ò sunwọ̀n láàyè.

Ẹnìkan lè sọ pé iṣẹ́ kóòṣì rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí kò bá borí, kó máa lọ. Mo gbà. Kì í ṣe gbogbo ìyọnípò ló jẹ́ ìwà àìṣòdodo. Àwọn tó gbani síṣẹ́ ní ẹ̀tọ́ láti wá ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n yíyọ èèyàn nípò kì í pa gbèsè rẹ̀ rẹ́, kì í sì í pa ohun tó ti ṣe rẹ́. Ohun méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni kí a sọ pé, “Iṣẹ́ rẹ parí níbí,” àti kí a máa ṣe bí ẹni pé kò ṣiṣẹ́ rí.

Ẹlòmíràn lè béèrè pé, “Ṣé gbogbo iṣẹ́ ni a gbọ́dọ̀ fi owó wọ̀n? Ìfẹ́ ńkọ́?” Ìbéèrè tó dára ni. Ní Amẹ́ríkà, ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Rod Dedeaux. Láti 1942 títí di 1986, ó kọ́ àwọn ọmọ Yunifásítì Southern California ní baseball, eré tí wọ́n ń fi igi gbá bọ́ọ̀lù. Ìgbà mọ́kànlá ni wọ́n gba ife àwọn yunifásítì orílẹ̀-èdè náà lábẹ́ rẹ̀. Dọ́là kan péré ló ń gbà lọ́dún. Ṣùgbọ́n Dedeaux ní iléeṣẹ́ ọkọ̀ akẹ́rù tó ń bọ́ ọ, òun fúnra rẹ̀ ló sì yàn bẹ́ẹ̀. Kóòṣì wa kò ní ọkọ̀ akẹ́rù kankan. Àpò bọ́ọ̀lù ló ní.

Pọ́ọ̀lù náà rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tó ń kọ̀wé sí àwọn ará Kọ́ríńtì, ó kọ́kọ́ fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ó ní ẹ̀tọ́ láti jẹ nínú iṣẹ́ rẹ̀, kó tó sọ pé òun kò lo ẹ̀tọ́ náà. Òun ló yááfì rẹ̀. Àwọn ará Kọ́ríńtì kọ́ ló bá a yááfì rẹ̀. Ẹbọ tí èèyàn fi ọwọ́ ara rẹ̀ rú, ìfẹ́ ni. Èyí tí a fi ipá gbà lọ́wọ́ rẹ̀, olè jíjà ni, kódà bí a bá kọ orin ìyìn lé e lórí.

Lábánì ni àpẹẹrẹ tó bà mí lẹ́rù jù nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ó jẹ́rìí fún Jékọ́bù pé Olúwa bùkún òun nítorí rẹ̀. Ẹ̀rí tó dùn ún gbọ́ ni. Jékọ́bù kan náà ló sì ní Lábánì yí owó iṣẹ́ òun padà nígbà mẹ́wàá. Ẹ ò rí i pé ẹnu tó ń jẹ́rìí lè jẹ́ ẹnu tó ń rẹ́ni jẹ? Jákọ́bù ní tirẹ̀ sọ pé owó àwọn alágbàṣe tí a kò san ń ké, igbe náà sì ti dé etí Olúwa. Bí owó tí a kò san bá ń ké lọ́run, kí ni àwa tó jẹ ẹ́ ń tọ́ka sọ́run sí?

Nítorí náà, ìdáhùn mi nìyí. “Èrè mi ń bẹ lọ́run” jẹ́ òtítọ́, ìtùnú ńlá sì ni, bó bá ti ẹnu òṣìṣẹ́ jáde. Bó bá ti ẹnu ẹni tó jẹ ẹ́ lówó jáde, àwáwí ni. Ọlọ́run ni yóò san ti ọ̀run. Kò fi ti ayé sílẹ̀ fún àwọn áńgẹ́lì. Ọwọ́ wa ló fi í sí.

Mo ní ìdí tí mo fi ń kọ èyí báyìí. Èmi náà ti di ọ̀gá kékeré níbi iṣẹ́ mi ní Warri. Èmi náà ti ń kọ orúkọ sínú ìwé. Ní ọdún tó kọjá, ọ̀dọ́mọkùnrin oníṣẹ́ kọ́ńtíráàtì kan yanjú ìṣòro kan tó ti dà wá láàmú fún oṣù mélòó kan. Èmi ni mo lọ ṣàlàyé rẹ̀ fún àwọn ọ̀gá àgbà. Wọ́n yìn mí, mi ò sì dárúkọ rẹ̀. Nígbà tí mo jáde, mo gbá a léjìká, mo ní, “Ọlọ́run á san án fún ẹ.” Ojú ẹsẹ̀ ni ohùn Kóòṣì dún létí mi: onílé mi kò sí lọ́run o. Mo padà sínú ọ́fíìsì, mo kọ orúkọ ọmọ náà ránṣẹ́ sí àwọn ọ̀gá. Ojú tì mí. Ó yẹ kó tì mí.

Lọ́jọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo lọ wá Kóòṣì. Ó ti dàgbà, ṣùgbọ́n ó ṣì ń kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké ní bọ́ọ̀lù. Mo tọrọ àforíjì fún ọ̀rọ̀ ọjọ́ náà. Ó ní òun kò gbàgbé, àmọ́ ṣé mo rántí ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e? Mo rántí. Kí aago mẹ́fà tó lù, ó ti wà lórí pápá. Mo na àpòòwé sí i. Ó gbà á, ó kà á níwájú mi láìtijú, ó sì rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Èyí, ti onílé ni. Ti ọ̀run ṣì wà níbẹ̀, má fọwọ́ kàn án.”

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ àti ẹ̀yin tí ẹ ti jáde, ẹ wo ẹ̀yìn yín. Ta ló kọ́ yín ní ohun tí ẹ fi ń jẹun lónìí? Ta ló tún ẹ̀rọ ohùn fẹ́lóṣíìpù ṣe láìgba kọ́bọ̀? Bí ẹ bá lè dárúkọ rẹ̀, ẹ dárúkọ rẹ̀ níbi tí yóò ti ṣe é láǹfààní. Bí ẹ bá jẹ ẹ́ lówó, ẹ san án. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ lè gbàdúrà fún un. Kí Olúwa má jẹ́ kí ẹ̀rí ẹnu wa di ẹ̀sùn sí wa lọ́rùn. Àmín.