Rírí Gbogbo Káàdì Kí A Tó Ra Ìdì Rẹ̀

Ẹ̀kọ́ kíkà: Jóṣúà 9:3–16, 1 Sámúẹ́lì 28:3–25, Lúùkù 14:28–30.



Bí ọmọ wa kan tí ó ń gbé ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù bá kọ̀wé sí ilé pé òun fẹ́ ra ìdì káàdì tí à ń pè ní Tarot, ṣùgbọ́n pé mẹ́fà tàbí méje péré ni ẹni tí ó ń tà á fi hàn nínú gbogbo àwòrán tí ó wà nínú rẹ̀; bí ó bá sì bèèrè bóyá kí òun san owó náà, tàbí kí òun dúró títí òun yóò fi rí gbogbo rẹ̀, kí ni àwa yóò fi dá a lóhùn? Ọ̀pọ̀ nínú wa yóò bínú, a ó sì fi ìbáwí dáhùn ìwé náà. Ṣùgbọ́n mo bẹ̀ yín kí a má ṣe yára, nítorí ọ̀rọ̀ ńlá wà lábẹ́ ìbéèrè kékeré yìí, ó sì kan àwa tí a wà nílé pẹ̀lú.

Kí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n lè mọ̀ ọ́n: káàdì 78 ni ó wà nínú ìdì Tarot kan. 22 nínú wọn ní àwòrán tí ó dá dúró, bí Oòrùn, Òṣùpá, Ikú, Ìdájọ́ àti Ayé. 56 ìyókù pín sí ọ̀nà mẹ́rin, ti ọ̀pá, ti ife, ti idà àti ti owó ẹyọ, 14 ní ọ̀nà kọ̀ọ̀kan. Àwọn tí ó ń fi í woṣẹ́ a máa dà á pọ̀, wọn a tẹ́ díẹ̀ sílẹ̀, wọn a sì sọ pé àwọn rí ohun tí ń bọ̀ wá bá ènìyàn.

Èkíní, ẹ jẹ́ kí a gbà pé ẹni tí ó ń fẹ́ rí ọjà kí ó tó san owó kò ṣe ohun búburú. Kò sí ìyá kan nínú ìjọ wa tí yóò ra agbọ̀n tòmátì láìfi ọwọ́ tú ìsàlẹ̀ rẹ̀ wò, nítorí èyí tí ó dára ni a máa ń tò sókè. Ẹni tí ó ń ra aṣọ a tú u kalẹ̀ láti etí dé etí, kí ihò má baà wà ní àárín rẹ̀. Ẹni tí ó ń ra ẹ̀wà a bù ú sí àtẹ́lẹwọ́, a sì wò ó bóyá kòkòrò ti bà á jẹ́. Olúwa wa pàápàá sọ ti ẹni tí ó fẹ́ kọ́ ilé-ìṣọ́, pé ó yẹ kí ó kọ́ jókòó ṣírò owó rẹ̀, kí ó má baà di ẹni ẹ̀sín lórí ìpìlẹ̀ lásán.

Ẹ rántí àwọn àgbà Ísírẹ́lì pẹ̀lú àwọn ará Gíbéónì. Àwọn àlejò náà mú àkàrà tí ó ti bu wá, ìgò-awọ ọtí tí ó ti ya, àti bàtà tí a ti lẹ̀. Wọ́n ní ọ̀nà jíjìn ni àwọn ti wá. Àwọn àgbà mú nínú oúnjẹ wọn, wọ́n wò ó, wọ́n sì fi ìwọ̀nba tí a fi hàn wọ́n dá gbogbo ọ̀ràn lẹ́jọ́. Wọn kò bèèrè lọ́wọ́ Olúwa. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n gbọ́ pé aládùúgbò wọn ni àwọn ènìyàn náà. Ṣùgbọ́n ìbúra ti jáde lẹ́nu, kò sì ṣeé kó padà. Báyìí ni àpẹẹrẹ díẹ̀ ti máa ń ṣi ènìyàn lọ́nà: ẹni tí ó yàn án fún wa láti wò ni ó mọ ohun tí ó fi pamọ́.

Èkejì, yíyẹ ọjà wò kò parí sí ojú rẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ rí gbogbo Tarot, kí ó wádìí ibi tí ó ti wá pẹ̀lú. Ní apá àríwá ilẹ̀ Ítálì, ní nǹkan bí ọdún 1440, ni a ti kọ́kọ́ rí irú káàdì yìí ní ilé àwọn ọlọ́lá, eré ni wọ́n sì fi ń ṣe, bí àwa ti ń ta ayò lábẹ́ igi. Títí di òní ni àwọn ará Faransé ń fi káàdì 78 ṣe irú eré bẹ́ẹ̀, láìsí ìwoṣẹ́ kankan nínú rẹ̀. Fún nǹkan bí 300 ọdún, eré ni a fi í mọ̀. Ní 1781 ni Antoine Court de Gébelin, ọ̀mọ̀wé kan ní Párísì, tẹ ìwé jáde pé inú káàdì wọ̀nyí ni àwọn àlùfáà Íjíbítì ìgbàanì fi ọgbọ́n wọn pamọ́ sí. Ó yẹ kí ó dun àwa oníwàásù pé ẹni tí a ti fi jẹ oyè àlùfáà nínú ìjọ Pùròtẹ́sítáǹtì ni. Bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹnìkan láyé ní ọdún náà tí ó lè ka ìwé àwọn ará Íjíbítì ìgbàanì. Ní 1822 ni Champollion tó rí ọ̀nà tí a fi ń kà á. Nígbà tí a sì kà á, a kò bá Tarot níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìtàn náà ti tàn kálẹ̀. Ní 1785 ẹlòmíràn ní Párísì, Jean-Baptiste Alliette, tí ó da lẹ́tà orúkọ rẹ̀ kọ láti ẹ̀yìn wá sí iwájú tí ó fi di Etteilla, ti ń tẹ ìwé tí ó ń kọ́ ènìyàn bí a ti ń fi káàdì náà woṣẹ́.

Èyí tí ó lókìkí jù lónìí, Lọ́ńdọ̀nù ni a ti ṣe é ní 1909. A. E. Waite ni ó bẹ iṣẹ́ náà, obìnrin kan tí ń jẹ́ Pamela Colman Smith ni ó sì ya gbogbo àwòrán 78 náà. Ó kọ̀wé sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní ọdún náà pé iṣẹ́ náà pọ̀, owó rẹ̀ sì kéré. Ní 1951 ó kú sínú gbèsè ní ìlú Bude ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, a sì ta ẹrù rẹ̀ láti san án. N kò sọ èyí láti fi òṣìṣẹ́ ṣe yẹ̀yẹ́. Ọwọ́ rẹ̀ mọ iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ya gbogbo káàdì náà, tí kò sí ọ̀kan tí kò rí, kò rí ọjọ́ iwájú tirẹ̀ nínú wọn.

Ẹ gbọ́ ọ̀kan sí i. Nínú àwọn ìdì tí ó pẹ́ jù láyé, èyí tí ó kù jù lọ ni ti ìdílé Visconti àti Sforza tí ó jọba ní Milan. 74 ni ó kù: 35 wà ní ilé-ìkàwé Morgan ní New York, 26 wà ní ilé-àwòrán Carrara ní Bergamo, 13 wà lọ́wọ́ ìdílé Colleoni. Mẹ́rin kò sí: Sátánì, Ilé-ìṣọ́ tí ó ń wó, Idà mẹ́ta, àti Ẹlẹ́ṣin owó ẹyọ. Àwọn tí ń ta ẹ̀dà rẹ̀ lónìí ti mú kí àwọn ayàwòrán ìgbà tiwa ya mẹ́rin tuntun dípò wọn. Nítorí náà kò sí ẹni tí ó wà láàyè tí ó lè sọ pé òun ti rí gbogbo rẹ̀. Bí ènìyàn kò bá lè rí gbogbo ohun tí ọwọ́ ènìyàn ṣe, báwo ni yóò ti fi í rí gbogbo ohun tí ọwọ́ Ọlọ́run ń ṣe?

Ẹ̀kẹta, ẹ jẹ́ kí a bèèrè ohun tí ọkàn ń fẹ́ rí ní tòótọ́. Kì í ṣe páálí ni ẹni tí ó fẹ́ woṣẹ́ ń rà. Ọ̀la ni ó ń fẹ́ rà. Ó fẹ́ kí a tẹ́ gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ sílẹ̀ níwájú rẹ̀ kí ó tó gbé ẹsẹ̀. Sáúlù ọba fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó pa aṣọ dà, ó lọ sí Éńdórì ní òru, ó sì gbọ́ ohun tí ó ń wá: ní ọ̀la, òun àti àwọn ọmọ rẹ̀ yóò kú. Kí ni ó jèrè? Ó ṣubú gbọọrọ sílẹ̀, agbára tán nínú rẹ̀, obìnrin náà sì ní láti bẹ̀ ẹ́ kí ó tó lè jẹun. Mímọ̀ náà kò fún un ní ìrònúpìwàdà, kò sì ṣí ọ̀nà fún un. Ojú ogun kan náà ni ó lọ, níbẹ̀ ni ó sì kú sí.

Àwọn àgbà wa ní, bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ni ó mú kí babaláwo máa dífá ọrọọrún. Ẹ gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò. Ẹni tí ó bá wò lónìí yóò tún wò lọ́tùn-ún. Káàdì kì í tán lọ́wọ́ ẹni tí ẹ̀rù ọ̀la ń bà. Ṣùgbọ́n mánà òòjọ́ ni Ọlọ́run fi bọ́ àwọn ènìyàn rẹ̀ ní aginjù. Èyí tí wọ́n fi pamọ́ di ọ̀la di ìdin. Ábúráhámù jáde kúrò nílé láìmọ ibi tí ó ń lọ. Kì í ṣe pé ó di ojú rìn: ó mọ Ẹni tí ó pè é. Bẹ́ẹ̀ ni àwa pẹ̀lú. A kò fi gbogbo ọ̀nà hàn wá, ṣùgbọ́n a fi àgbélébùú hàn wá, a sì fi ibojì tí ó ṣófo hàn wá. Èyí sì tó fún ẹni tí yóò tẹ̀lé e.

Nítorí náà, ìdáhùn wa sí ọmọ náà rèé. Bí ó bá jẹ́ nítorí eré, tàbí nítorí ẹ̀kọ́ àwòrán yíyà, páálí ni páálí í jẹ́. Kí ó rí gbogbo rẹ̀ kí ó tó san owó, gẹ́gẹ́ bí ọlọ́gbọ́n ní ọjà. Bí ó bá jẹ́ nítorí ìwoṣẹ́, kí ó má ṣe rà á, ìbáà ṣe mẹ́fà ni ó rí, ìbáà ṣe gbogbo 78.

Ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin olùkọ́, ẹ má ṣe dúró lórí ìbáwí nìkan. Ẹ bi í léèrè ohun tí ó ń bà á lẹ́rù. Bóyá ìdánwò ni, bóyá ìwé ìgbélùú ni, bóyá àìsàn tí kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni. Ọmọ tí ó rí ẹni fetí sí i nílé kò ní wá etí lọ sọ́dọ̀ káàdì.

Kí a sì bá ara wa wí. Ọ̀pọ̀ wa kò ní fọwọ́ kan Tarot láéláé, ṣùgbọ́n a kò lè fẹ́ ìyàwó, a kò lè kọ́lé, a kò lè rìnrìn-àjò, àfi bí aríran kan bá kọ́kọ́ sọ bí yóò ti rí. Àrùn kan náà ni. Aṣọ ni ó yàtọ̀. Àwọn onígbàgbọ́ Éfésù kó ìwé idán wọn jọ, wọ́n ṣírò iye rẹ̀, wọ́n rí i pé ó tó 50,000 owó fàdákà, wọ́n sì sun ún níwájú gbogbo ènìyàn. Wọn kò tà á fún ẹlòmíràn láti gba owó wọn padà. Wọ́n mọ iye tí ó jẹ, wọ́n sì mọ̀ pé ohun tí wọ́n rí gbà nínú Kristi ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Kí Ọlọ́run, ẹni tí ọ̀la wà lọ́wọ́ rẹ̀, fún wa ní ọgbọ́n láti yẹ ohun ayé wò dé ìdí, kí ó sì fún wa ní ìgbàgbọ́ láti fi ohun tí ó pa mọ́ lé e lọ́wọ́, nípa Jésù Kristi Olúwa wa. Àmín.