Aṣọ Kékeré Tí Hánà Ń Mú Lọ sí Ṣílò

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ ní oṣù yìí jẹ́ ti àwọn ọmọ wa àti eré ìdárayá tí wọ́n ń ṣe, àti ipa tí ó yẹ kí ará ilé olúkúlùkù kó nínú rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe wí nínú ọkàn rẹ̀ pé ọ̀rọ̀ eré kò yẹ ní ibi ìwàásù. Nítorí ibi tí ọmọ bá wà ní ìrọ̀lẹ́, níbẹ̀ ni ìwà rẹ̀ ti ń dàgbà, ìbá à ṣe sí rere, ìbá à ṣe sí búburú.

Ẹ ṣí Ìwé Sámúẹ́lì Kìíní, orí kejì, ní ẹsẹ̀ kejìdínlógún àti ìkọkàndínlógún. Ẹ̀yin mọ ìtàn Hánà, obìnrin tí ó fi omijé tọrọ ọmọ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Nígbà tí ó já ọmọ náà lẹ́nu ọmú tán, ó mú un lọ sí Ṣílò, ó fi í lé Élì àlùfáà lọ́wọ́, ó sì padà sí ilé rẹ̀ ní Rámà. Bí ó bá ṣe pé ibẹ̀ ni ìtàn náà parí sí, a kì bá tí rí ẹ̀kọ́ tí a ń wá lónìí. Ṣùgbọ́n Ìwé Mímọ́ fi kún un pé lọ́dọọdún, nígbà tí òun àti ọkọ rẹ̀ bá ń gòkè lọ láti rúbọ, a máa rán aṣọ kékeré kan, a sì máa mú un lọ fún ọmọ náà.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ rò ó wò. Ọmọ tí ń dàgbà ni Sámúẹ́lì. Aṣọ èṣí kò lè bá a mu ní ọdún yìí. Ẹni tí yóò bá rán aṣọ fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ní láti mọ ìwọ̀n rẹ̀: bí èjìká rẹ̀ ti fẹ̀ tó, bí apá rẹ̀ ti gùn sí i tó, bóyá ó sanra ni, bóyá ó rù. Ẹ̀rí ni aṣọ náà jẹ́ pé ojú ìyá kò kúrò lára ọmọ rẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọwọ́ ẹlòmíràn ni ọmọ náà wà. Ẹ sì kíyèsí i pé ilé Ọlọ́run ni Ṣílò, síbẹ̀ Hófínì àti Fíníhásì, àwọn ọmọ Élì, ń hùwà búburú níbẹ̀, baba wọn kò sì dá wọn lẹ́kun. Ibi rere ni Hánà fi ọmọ rẹ̀ sí, síbẹ̀ kò torí èyí jókòó sí ilé.

Ẹ jẹ́ kí a mú ọ̀rọ̀ náà wá sí àdúgbò wa. Àwa tí a ń gbé Ìsàlẹ̀ Èkó, tí a ń rìn ní òpópó Adéníji Adélé, èyí tí ń jẹ́ orúkọ ọba tí ó wà lórí ìtẹ́ Èkó láti 1949 títí di 1964, a mọ bí ilẹ̀ ti há mọ́ wa tó. Ilé so mọ́ ilé, ọjà so mọ́ ọjà. Láti 1990 tí a ti parí afárá gígùn tí ó gba ojú ọ̀sà kọjá, ọkọ̀ a máa ya wọ àdúgbò wa láti òwúrọ̀ títí di òru. Síbẹ̀ àwọn ọmọ kò ṣe aláìṣeré. Ní ọjọ́ ìsinmi, ẹ ó rí wọn ní ojúlé, wọn a fi òkúta méjì-méjì ṣe ojú góòlù, wọn a máa gbá bọ́ọ̀lù fẹ́lẹ́lẹ́ láàrin ọkọ̀ àti gọ́tà, eré tí àwọn tìkára wọn ń pè ní mọ́ńkí pósì. A ní pápá kékeré ní Campos, a sì ní èyí tí ó tóbi ní Oníkàn, tí à ń pè ní pápá Ọba George Karùn-ún ní ayé àwọn òyìnbó, tí ó sì ń jẹ́ orúkọ Mobọ́lájí Johnson lónìí. Ṣùgbọ́n ọmọ pọ̀ ju pápá lọ.

Nígbà tí wòlíì Sekaráyà ń sọ bí Jerúsálẹ́mù yóò ti rí lẹ́yìn tí Olúwa bá ti padà wá bẹ̀ ẹ́ wò, ní orí kẹjọ ìwé rẹ̀, ó ní àwọn arúgbó lọ́kùnrin lóbìnrin yóò jókòó ní ìgboro pẹ̀lú ọ̀pá lọ́wọ́, àti pé ìgboro kan náà yóò kún fún ọmọkùnrin àti ọmọbìnrin tí ń ṣeré. Eré ọmọdé jẹ́ àmì àlàáfíà ìlú lójú Olúwa. Ẹ sì ṣàkíyèsí pé àgbà wà níbẹ̀, ọmọ wà níbẹ̀, ní ìgboro kan náà. Òwe àwọn baba wa bá a mu: àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́.

Ìjọ Kristi kò fi ìgbà kan jẹ́ ọ̀tá eré. Ní ọdún 1883, ní ìlú Glasgow ní ilẹ̀ Scotland, ọ̀gbẹ́ni William Alexander Smith, olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi, rí i pé àwọn ọmọkùnrin kì í fara balẹ̀ gbọ́ ẹ̀kọ́. Ó dá Boys' Brigade sílẹ̀, ó ń kọ́ wọn ní ìtò, ní eré àti ní Bíbélì papọ̀. Ẹgbẹ́ náà sì dé Èkó ní 1908. Ní ọdún 1891, James Naismith, olùkọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ YMCA, ẹgbẹ́ àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin Kristẹni, ní Springfield ní Amẹ́ríkà, gbé apẹ̀rẹ̀ méjì kọ́ sí òkè nínú gbọ̀ngàn nítorí pé òtútù kò jẹ́ kí àwọn ọmọ lè jáde ṣeré. Láti ibẹ̀ ni bọ́ọ̀lù aláju-sínú-apẹ̀rẹ̀ ti tàn ká ayé. Àpọ́sítélì Pọ́ọ̀lù pẹ̀lú, nígbà tí ó ń kọ̀wé sí Tímótì, gbà pé èrè díẹ̀ wà nínú eré ìdárayá, ó sì gbé ìwà-bí-Ọlọ́run sí ipò tí ó ga jù ú lọ. Kò tako ọ̀kan nítorí èkejì; ó tò wọ́n bí ó ti yẹ kí a tò wọ́n.

Ní Èkó tiwa yìí, a ní àpẹẹrẹ tí ó yẹ kí àwọn ọmọ mọ̀. Tẹ̀sílímì Balógun, ẹni tí a bí ní 1927, tí àwọn òǹwòran fi àrá sọ ní orúkọ nítorí agbára ẹsẹ̀ rẹ̀, wà lára àwọn agbábọ́ọ̀lù 18 tí wọ́n wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1949, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn gbá bọ́ọ̀lù láìwọ bàtà. Ní 1955 ó padà lọ síbẹ̀, ó gbá bọ́ọ̀lù fún Peterborough. Lẹ́yìn náà ó kọ́ṣẹ́ olùkọ́ bọ́ọ̀lù, kí ó lè fi ohun tí ó mọ̀ lé ọwọ́ ẹlòmíràn. Ó kú ní 1972, ṣùgbọ́n pápá ńlá kan ní Sùúrùlérè ń jẹ́ orúkọ rẹ̀.

Àpẹẹrẹ kejì jẹ́ ti ẹni tí ó gbé eré ró fún ọmọ ọlọ́mọ. Olóyè Mọ́ládé Ọ̀kọ̀yà-Thomas, Aṣojú Ọba ti Èkó, bẹ̀rẹ̀ ìdíje bọ́ọ̀lù orí tábìlì kan ní 1968, ó sì ń fi owó ara rẹ̀ ṣe é lọ́dọọdún. Nígbà tí ó kú ní 2015, àwọn ará ilé rẹ̀ kò jẹ́ kí iná náà kú. Fúnkẹ́ Ọ̀ṣọ́náìkè wà lára àwọn tí wọ́n gba inú ìdíje náà kọjá, òun sì ni ó lọ sí ìdíje Òlíńpíìkì ní ẹ̀ẹ̀meje, láti 1996 títí di èyí tí a ṣe ní Tókíò ní 2021. Ohun tí agbo ilé kan ṣe ni èyí. Kì í ṣe gbogbo wa ni Ọlọ́run fún ní ọrọ̀ tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n Hánà pẹ̀lú, aṣọ kékeré ni ó mú lọ.

Kí ni ń ṣẹlẹ̀ nígbà náà sí ọmọ tí kò sí ẹni tí ó mú aṣọ lọ fún? Ẹlòmíràn ni yóò wọn ìwọ̀n rẹ̀. Àwọn kan wà tí wọ́n ń dúró ní etí pápá, tí wọ́n ń fi oògùn olóró fún ọmọ, tí wọ́n ń sọ pé agbára ni. Àwọn kan ń kọ́ ọ ní tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù, títí yóò fi máa ka owó dípò kí ó máa ṣeré. Àwọn mìíràn a wá sí ilé pẹ̀lú aṣọ dáradára àti ẹnu dídùn, wọn a ní àwọn yóò mú ọmọ lọ sí Yúróòpù, kí ìyá sáà lọ ta ọjà rẹ̀ tàbí wúrà rẹ̀ kí ó fi san owó ìrìnnà. Ẹ̀yin ìyá, ẹ gbọ́ èyí: FIFA, ẹgbẹ́ tí ń ṣàkóso bọ́ọ̀lù ní gbogbo ayé, ti fi òfin dè é pé a kò gbọdọ̀ gba ọmọ tí kò tí ì pé ọdún 18 láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn láti máa gbá bọ́ọ̀lù, àfi nítorí ìdí díẹ̀ tí òfin náà dárúkọ. Nítorí náà, ẹni tí ó bá sọ pé òun fẹ́ mú ọmọ ọdún 15 lọ sí òkè òkun fún bọ́ọ̀lù, ẹ má ṣe ta ohunkóhun nítorí rẹ̀.

Ẹ̀ṣẹ̀ kan sì tún wà tí a kò gbọdọ̀ fi pamọ́, nítorí inú ilé wa ni ó ti ń bẹ̀rẹ̀. Èyí ni pé kí òbí máa dín ọjọ́ orí ọmọ kù, kí ó lọ ṣe ìwé ìbúra èké, kí ọmọ ọdún 20 lè bá àwọn ọmọ ọdún 16 díje. Nígbà tí a ṣe ìdíje àgbáyé ti àwọn ọmọ tí kò tí ì ju ọdún 17 lọ ní Nàìjíríà ní 2009, a bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀rọ wo egungun ọrùn ọwọ́ àwọn agbábọ́ọ̀lù, kí a lè mọ ẹni tí ó ti dàgbà jù. Egungun kò mọ irọ́ pa. Hánà rán aṣọ tí ó bá ọmọ rẹ̀ mu. Òbí tí ó pa irọ́ ọjọ́ orí ń gbé aṣọ ọmọdé wọ àgbàlagbà. Ó gba ipò ọmọ ọlọ́mọ fún un, ó sì kọ́ ọ láti kékeré pé olè ni ọ̀nà àtilà.

Kí ni ó yẹ kí ará ilé ṣe? Ìkíní, ẹ mọ pápá náà, ẹ sì mọ olùkọ́ eré náà ní orúkọ, kí òun náà mọ̀ yín. Ẹ bi í léèrè ẹni tí ń dúró ti àwọn ọmọ nígbà tí ilẹ̀ bá ń ṣú, àti ohun tí wọ́n ń ṣe bí ọmọ bá fara pa. Olùkọ́ rere kì í bínú sí irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀.

Ìkejì, ẹ lọ wò wọ́n. Ìyá tí ó ń tajà ní Ìdúmọ̀tà lè sọ pé òun kò ní àyè; ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan lóṣù kò pọ̀ jù. Bí ìyá kò bá lè lọ, kí bàbá lọ. Bí bàbá kò bá sí nílé, ẹ̀gbọ́n wà, ìyá àgbà sì wà. Nínú agbo ilé wa ní Ìsàlẹ̀ Èkó, Kristẹni àti Mùsùlùmí a máa gbé abẹ́ òrùlé kan. Kí wọ́n pín ọjọ́ náà láàrin ara wọn, nítorí igba ojú ní ń wo ọmọ. Nígbà tí ẹ bá sì dé ibẹ̀, ẹ má ṣe bú rẹfirí, ẹ má ṣe fi ọmọ tí kò jẹ góòlù ṣe ẹlẹ́yà.

Ìkẹta, ẹ má ṣe yọ ọmọbìnrin sílẹ̀. Wòlíì náà dárúkọ ọmọkùnrin, ó sì dárúkọ ọmọbìnrin. Bí iṣẹ́ ilé bá jẹ́ ti ọmọbìnrin nìkan, ta ni yóò rí i ní pápá? Ẹ pín iṣẹ́ náà, kí òun pẹ̀lú lè jáde.

Ìkẹrin, ẹ mú ẹ̀kọ́ ìwé àti ìjọsìn dání. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ jẹ́ kí òbí mọ̀ bí ọmọ bá ń fi bọ́ọ̀lù sá fún ìwé, ẹ má ṣe dúró títí ìdánwò yóò fi dé. Bí ìdánrawò bá bọ́ sí àkókò ìsìn ọjọ́ ìsinmi, kí òbí tìkára rẹ̀ lọ bá olùkọ́ eré sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ìrẹ̀lẹ̀, kí a má fi ọmọ sí àárín ọ̀gá méjì.

Ìkarùn-ún kan gbogbo ìjọ. Níbi tí àgbàlá ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ti ilé-ẹ̀kọ́ bá wà tí a ń tì pa láti ọjọ́ Ajé títí di ọjọ́ Àbámẹ́ta, a bẹ ẹ̀yin ìgbìmọ̀ ìjọ kí ẹ rò ó bóyá a lè ṣí i fún wákàtí méjì ní ìrọ̀lẹ́, pẹ̀lú àgbà méjì tí yóò jókòó níbẹ̀. Tábìlì kan àti bọ́ọ̀lù díẹ̀ kò wọ́n ju ohun tí a ń ná sí àsè ọdún kan lọ.

Ẹ̀yin ará, a kà nípa Sámúẹ́lì pé ó ń dàgbà, ó sì rí ojú rere lọ́dọ̀ Olúwa àti lọ́dọ̀ ènìyàn. Ohun tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jọ ọ́ gan-an ni Lúùkù mímọ́ kọ nípa Olúwa wa tìkára rẹ̀ nígbà èwe rẹ̀, lẹ́yìn tí Jósẹ́fù àti Màríà ti fi ọjọ́ mẹ́ta wá a kiri. Wọ́n wá a nítorí pé ó sọnù kúrò lójú wọn. Ọmọ tí kò dé láti pápá ní ìrọ̀lẹ́ òní, ẹ dìde, ẹ wá a lọ. Èyí tí ó sì dé, ẹ bi í bí eré ti rí, kí ẹ sì jókòó gbọ́ ọ tán.

Kí Ọlọ́run tí ó gbọ́ igbe Hánà bùkún ilé yín, kí ó ṣọ́ ẹsẹ̀ àwọn ọmọ yín ní pápá àti ní òpópó, kí ó sì fún wa ní ojú láti mọ ìwọ̀n wọn lọ́dọọdún, nípasẹ̀ Jésù Kristi Olúwa wa. Àmín.