Ìmọ̀ràn Àlejò, Ìmọ̀ràn Onílé

Ẹ jẹ́ kí á fi ọkàn ro ọmọ Ìrẹsà-Adú kan, ní olú-ìlú Ìjọba Ìbílẹ̀ Sùúrùlérè. Ó kàwé, ó sì ríṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ agbaninímọ̀ràn kan ní Èkó. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó máa lọ láti ilé-ìwòsàn kan dé òmíràn, kí ó wo bí wọ́n ti ń náwó, bí oògùn ti ń tán, àti bí aláìsàn ti ń pẹ́ lórí ìlà. Bí ó bá ti kọ àbọ̀ ìwádìí rẹ̀ tán, a gba owó, a sì di ẹrù rẹ̀. Lọ́jọ́ kan, ilé-ìwòsàn kan ní Ògbómọ̀ṣọ́, nítòsí ìlú rẹ̀, ní kí ó wá di olùdámọ̀ràn tiwọn, kí ó máa bá àwọn gbé. Owó ibẹ̀ kò tó ti Èkó. Ǹjẹ́ ó yẹ kí ó lọ?

Lójú ọ̀pọ̀ ènìyàn, ọ̀rọ̀ owó oṣù ni èyí. Lójú tèmi, ọ̀rọ̀ ìwà ni. Àwọn àgbà ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú tí a kò sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ kí á sùn lóru. Bí àlejò bá dámọ̀ràn pé kí wọ́n dín àwọn nọ́ọ̀sì alẹ́ kù, tí aláìsàn sì ti ibẹ̀ kú, àlejò ti padà sí Èkó, oorun rẹ̀ ni ó ń sùn. Ṣùgbọ́n ìyá ẹni tí ó ń gbé ìtòsí lè wà lórí bẹ́ẹ̀dì lóru ọjọ́ náà gan-an.

Ògbómọ̀ṣọ́ mọ iyì ẹni tí ó jókòó. Ní 1907 ni Dókítà George Green, tí ìjọ Onítẹ̀bọmi Amẹ́ríkà rán wá, dé síbẹ̀, ó sì lo ọ̀pọ̀ ọdún. Ilé-ìwòsàn tí ó hù láti inú iṣẹ́ rẹ̀ ni ó di Ilé-ìwòsàn Ìkọ́ṣẹ́ Yunifásítì Bowen ní 2009. Ẹ tún wo Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikóyè Ransome-Kútì. Dókítà àwọn ọmọdé ni, ó sì ń kọ́ni ní Yunifásítì Èkó kí ó tó di mínísítà ìlera ní 1985. Láti ọjọ́ náà lọ, kò tún lè sọ pé, “Mo ti wí fún wọn.” Òun gan-an ti di ọ̀kan nínú “wọn”.

Àmọ́ ẹ̀yìn ọ̀rọ̀ náà wà. Àlejò lè sọ òtítọ́ nítorí pé yóò lọ. Ẹnu ẹni tí ó ń jẹun nínú àwo ọ̀gá kì í pẹ́ wúwo. Kí ni a ó wá ṣe? Láyé àtijọ́, inú ìlú kan náà ni àwọn Ọ̀yọ́ Mèsì àti Aláàfin ń gbé. Bí ìlú bá tú, agboolé tiwọn náà tú. Síbẹ̀, wọ́n lè kọ Aláàfin tí ó bá ṣìwà hù, nítorí pé oyè wọn jẹ́ ti ìdílé wọn, wọ́n sì ní ènìyàn tiwọn lẹ́yìn. Wọ́n wà nílé, ṣùgbọ́n wọn kò gbọ́jú lé àwo ọba nìkan.

Nítorí náà, mo ní kí ọ̀dọ́mọkùnrin wa lọ. Ṣùgbọ́n kí ó mú ohun tí í ṣe tirẹ̀ dání: ìmọ̀ rẹ̀, owó díẹ̀ tí ó fi pamọ́, àti ìgboyà láti lọ bí ọ̀rọ̀ bá di ọ̀ràn. Kí ó máa gbé bí onílé, kí ó sì máa sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ẹrù rẹ̀ ti wà ní dídì. Bí kò bá lè sọ fún ọ̀gá rẹ̀ pé kòkòrò búburú ni ó ń jẹ, kò sàn ju àlejò tí ó ti padà sí Èkó lọ. Ìyàtọ̀ kan ṣoṣo ni pé òun ni yóò máa gbọ́ hẹ̀rẹ̀huru náà lóru.