Irin Kò Mu Ẹ̀jẹ̀ Ọmọ Iṣẹ́ Mi

Ọpẹ́ ìka mẹ́wàá ni mo wá dá. Ọmọ iṣẹ́ mi ló jókòó sẹ́yìn un, ẹ ní kó nawọ́ sókè, kí ẹ kà á. Mẹ́wàá pé.

Ẹ mọ ìsọ̀ wa ní Èkó-Ende níbí, níbi tí a ti ń ṣe ẹ̀rọ ìfúngààrí fún àwọn ìyá wa ní Ìníṣà àti Òkukù. Fáìsì tó ń di irin mú lábẹ́ dírílì wa ti jẹ lẹ́nu, kò di nǹkan mú mọ́. Mo wá lọ sọ́dọ̀ àwọn onírin àlòkù ní Ìkìrun. Méjì ni wọ́n gbé jáde. Ọ̀kan ń dán, wọ́n ti fi ọ̀dà aláwọ̀ ewé kùn ún. Èkejì dípẹtà bí ẹni tó sùn sínú ẹrẹ̀ mọ́jú.

Ọlọ́run mú kí bàbá kan bá mi lọ, ẹni tó ti ṣiṣẹ́ rí ní Nigeria Machine Tools l'Óṣogbo, ilé iṣẹ́ tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní 1980. Bàbá kò tilẹ̀ wo "England" tí wọ́n kọ sára irin. Ó ní ìrísí ni kí n wò. Fáìsì dírílì kì í ga, ìdí rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, ó ní etí lọ́tùn-ún lósì tí ihò gbọọrọ wà fún bóòtù, wọ́n sì gé ojú onígun sí ẹnu rẹ̀ kó lè di irin róbótó mú. Ti orí bẹ́ǹṣì ló ga, òun ló ní èjìká lẹ́yìn tí a lè lu irin lé. Ẹni tó bá gbé òòlù lé ti dírílì, fífọ́ ni yóò fọ́ ọ, torí káàsì ni. Káàsì kì í tẹ̀.

Bàbá tọrọ kẹrosíìnì àti ẹfun. Ó ní kí wọ́n ha ọ̀dà kúrò ní ìdí etí èyí tó ń dán. Ọlọ́jà fajú ro, ṣùgbọ́n ó ha á. Bàbá fi kẹrosíìnì pa ibẹ̀, ó dúró díẹ̀, ó nù ún gbẹ, ó wá fi ẹfun kùn ún. Ẹ̀yin ará, ìlà dúdú tín-ín-rín yọ lórí ẹfun, láti ihò bóòtù dé abẹ́ ẹnu! Kẹrosíìnì ti wọnú ibi tó sán, ẹfun sì fà á jáde. Wọ́n ti fi bọ́dífílà dí i, wọ́n wá fi ọ̀dà bò ó. Nígbà tó kan onípẹtà, ẹfun funfun báláú. Òun la rà.

Nígbà tí a padà dé ìsọ̀, bàbá kò jẹ́ kí n tan iná títí tó fi fi bóòtù méjì de fáìsì mọ́ tábìlì dírílì. Ó ní bíìtì dírílì ń fi sùúrù jẹ irin, àfi ìgbà tó bá kù fẹ́ẹ́rẹ́ kó yọ sódì kejì. Ibẹ̀ lewu wà. Ẹnu bíìtì á há sínú ìwọ̀nba irin tó kù, á sì fẹ́ gbé irin àti fáìsì yí pọ̀ mọ́ ara rẹ̀. Ọwọ́ ta ló fẹ́ dá a dúró? Ó ní níbi tí bóòtù kò bá ti ṣeé lò, kí ìrù fáìsì wà lápá òsì wa, kó fara ti òpó dírílì: bí ọwọ́ aago ni bíìtì ń yí, òpó ni yóò gba ìjà náà. Ó ní kí a bọ́ ìbọ̀wọ́, nítorí bíìtì tó bá gbá ìbọ̀wọ́ mú kò ní fi ọwọ́ inú rẹ̀ sílẹ̀.

Lọ́jọ́ tí mò ń jẹ́rìí rẹ̀ yìí, a ń lu ihò mílímítà 16 sára irin pẹlẹbẹ tó nípọn ní mílímítà 12. Ọmọ iṣẹ́ mi yìí ló wà nídìí dírílì. Mo gbọ́ "gbàgà!", bẹ́líìtì han goooro. Mo sáré dé ibẹ̀, mo ń pe Jésù. Bíìtì ti kán sí méjì. Fáìsì kò kúrò lójú kan. Ọmọ náà ti paná, ó ń wò mí, ẹ̀jẹ̀ kankan kò sí nílẹ̀.

Àwọn kan ń sọ pé iṣẹ́ irin kò lè ṣe kó má mu ẹ̀jẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ìyẹn kọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Ìsọ̀ tí irin bá ti mu ẹ̀jẹ̀, ẹ lọ wo ìdí fáìsì wọn ná. Ní tèmi, kí ewu tó dé ni Ọlọ́run ti rán bàbá yẹn àti sípánà rẹ̀ sí mi, Ọlọ́run náà ni mo sì wá dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi oníṣẹ́ irin láti Ìkìrun dé Òkukù, ẹni tí fáìsì rẹ̀ kò bá ní bóòtù, kó wá gbà á ní ìsọ̀ wa, pẹ̀lú nọ́ọ̀tù àti wásà. Mi ò ní gba kọ́bọ̀.