Orí Ni Tàbí Ọwọ́?

Nígbà tí ṣọ́ọ̀bù àbúrò mi jóná ní Okokomaiko, ó ní, "Àyànmọ́ mi ni." Ọdún kan gbáko ló fi jókòó sílé ní Ìbà. Mo wá pìtàn àwọn bàbá wa fún un.

Oríṣeékú àti Orílèémère sáré lọ yan orí nílé Àjàlá. Orí ńlá tí wọn kò tíì sun nínú iná ni wọ́n gbé; òjò sì jẹ ẹ́ tán lójú ọ̀nà. Afùwàpẹ́ ní tirẹ̀ fún oníbodè tó ń fi eérú sebẹ̀ ní iyọ̀, ó bá Àjàlá san gbèsè, wọ́n sì bá a yan orí rere. Ẹ ò rí i pé ìwà ló ṣáájú orí?

Àwọn ẹlẹ́sìn Híńdù ní Íńdíà náà ní káámà: iṣẹ́ ọwọ́ ènìyàn, títí kan ti ayé tó ti gbé kọjá, ní í padà bá a. Àwa kò gbà pé a ń tún ayé wá, ṣùgbọ́n ẹ ka Gálátíà 6:7. Ẹ jẹ́ ká gbàdúrà, ká gbààwẹ̀, ká sì dìde.

Àbúrò mi ti tún pàtẹ. Ọjà kò tíì kún bíi ti àtijọ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ ara ẹni la fi í tún ìwà ara ẹni ṣe. Olúwa yóò bùkún ọwọ́ wa. Àmín.