Òfin Keje àti Ọrọ̀ Inú Ilẹ̀

Ẹ̀yin àyànfẹ́ tí ẹ ń múra sílẹ̀ fún Ìbatisí,

Nígbà tí a bá dárúkọ òfin keje, tí ó kọ olè jíjà fún wa, ọkàn wa a máa lọ sọ́dọ̀ ẹni tí ó jí ewúrẹ́ tàbí owó. Ṣùgbọ́n Katekísìmù Ìjọ Kátólíìkì, ní ìpínrọ̀ 2415, kọ́ wa pé òfin yìí kan bí a ti ń lo ẹranko, ewéko àti àlùmọ́nì ilẹ̀ pẹ̀lú, nítorí pé a gbọ́dọ̀ ro ti ọmọnìkejì wa, títí kan àwọn ìran tí ń bọ̀.

Àgbàdo tí a kórè lọ́dún yìí, a lè tún un gbìn lẹ́ẹ̀mìíràn. Àlùmọ́nì kò rí bẹ́ẹ̀: bí a bá ti wà á kúrò, kò ní hù mọ́. Nínú òkun ní Sẹ̀mẹ̀, tí kò jìnnà sí Àjàṣẹ́, a fa epo rọ̀bì láti ọdún 1982 títí di ọdún 1998. Ọdún 16 péré ni, iṣẹ́ sì dúró fún ọ̀pọ̀ ọdún. Púpọ̀ nínú yín ni a bí lẹ́yìn náà. Kí ni ìpín yín nínú epo yẹn? Kì í ṣe láti dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi ni mo fi béèrè. Mo béèrè kí ó lè yé wa pé ẹni tí ó jẹ ìpín ọmọ tí a kò tíì bí, ohun olóhun ni ó jẹ.

Ǹjẹ́ a lè ṣe é dáadáa? Bẹ́ẹ̀ ni. Nígbà tí Bòtìswánà gba òmìnira ní ọdún 1966, ó wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tí ó tòṣì jù lọ láyé. Ní ọdún 1967, a rí dáyámọ́ǹdì ní Orapa, ní agbègbè ẹ̀yà Ààrẹ Seretse Khama fúnra rẹ̀. Ọmọ ọba ni, ì bá sì fi ọrọ̀ náà sílẹ̀ fún àwọn ará ilé rẹ̀. Dípò bẹ́ẹ̀, òfin ọdún kan náà sọ àlùmọ́nì di ti gbogbo orílẹ̀-èdè. Wọ́n fi owó rẹ̀ kọ́ ilé ẹ̀kọ́ àti ọ̀nà. Ní ọdún 1994, wọ́n dá àpò ìfipamọ́ kan sílẹ̀ fún ọjọ́ iwájú, wọ́n sì pè é ní Pula, èyí tí ó túmọ̀ sí òjò ní èdè wọn. Bẹ́ẹ̀ ni Jósẹ́fù ṣe ní Íjíbítì, nígbà tí ó tọ́jú ìdámárùn-ún ìkórè fún ọdún ìyàn. Síbẹ̀, ní àwọn ọdún àìpẹ́ yìí, ọjà dáyámọ́ǹdì lọ sílẹ̀, ìnira sì bá Bòtìswánà. Òkúta kì í ṣe Ọlọ́run. Ẹ má ṣe gbẹ́kẹ̀ lé e.

Ní ọjọ́ 19 oṣù kọkànlá ọdún 2011, ní Wídà, ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ wa níhìn-ín, Póòpù Benedict XVI fi ọwọ́ sí ìwé Africae Munus. Nínú rẹ̀ ni ó ti káàánú pé Ọlọ́run fún Áfíríkà ní ọrọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n àwọn díẹ̀ ń jẹ àjẹyó, tálákà sì wà nínú òṣì.

Ẹ má ṣe wí pé ọ̀rọ̀ àwọn aláṣẹ nìkan ni èyí. Bí ẹbí rẹ bá ń ta ilẹ̀ fún àwọn tí ń wa yanrìn tàbí òkúta, ta ni yóò dí kòtò náà kí ọmọdé má baà rì sínú omi rẹ̀? Bí a bá yàn ọ́ sí ìgbìmọ̀ ìlú, ṣé ìwọ yóò gba owó ẹ̀yìn kí o tó fi ọwọ́ sí ìwé? Lọ́jọ́ Ìbatisí, a ó bi ọ́ bóyá o kọ Sátánì àti gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀. Àjẹìwẹ̀yìn wà lára iṣẹ́ náà. Ronú sí i kí o tó dáhùn.

Ẹ jẹ́ kí a gbàdúrà: Olúwa, Ìwọ tí o fi ilẹ̀ lé wa lọ́wọ́ láti ro ó àti láti tọ́jú rẹ̀, fún wa ní ọwọ́ mímọ́ àti ọkàn tí ó ń rántí àwọn tí ń bọ̀ lẹ́yìn. Nípasẹ̀ Krístì Olúwa wa. Àmín.