Ẹ̀bùn àti Ẹbí

Ní ọwọ́ ìrọ̀lẹ́, ẹni tí ó bá ń kọjá lọ ní Agbówó tàbí ní Bódìjà ní Ìbàdàn kò ní ṣàì gbọ́ ọmọ ìyá méjì tí wọ́n ń fọ abọ́, tí wọ́n sì ń kọrin: ọ̀kan ń dá a, èkejì ń gbè é. Bí irú orin bẹ́ẹ̀ bá wá di ohun tí gbogbo ayé ń fẹ́ gbọ́, ta ni ó ni ẹ̀bùn náà? Ṣé ẹni tí ohùn rẹ̀ dùn ni, tàbí ẹbí tí ó jùmọ̀ kọ ọ́?

Ní Ìbàdàn yìí náà ni Táíwò àti Kẹ́hìndé Líjàdù, àwọn ìbejì tí a bí ní Jọ́ọ̀sì ní ọdún 1948, gbé dàgbà. Ní 1968 wọ́n gbé orin ‘Ìyá Mi Jọ̀wọ́’ jáde. Ní 1972 wọ́n bá ẹgbẹ́ Ginger Baker kọrin ní Munich, ní ilẹ̀ Jámánì, nígbà ìdíje Òlíḿpíìkì. Láàárín 1976 sí 1979 wọ́n ṣe àwo mẹ́rin, ní èdè Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ṣí lọ sí Amẹ́ríkà. Ohùn wọn bá ara mu tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi ṣòro láti mọ ibi tí ti ọ̀kan parí sí, tí ti èkejì sì ti bẹ̀rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ní 1996, Kẹ́hìndé ṣubú lórí àtẹ̀gùn ní ilé wọn ní Brooklyn, ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀ sì fara pa gidigidi. Eré àwọn méjèèjì dúró. Nígbà tí wọ́n tún gun orí pèpéle ní 2014, àwọn méjèèjì náà ni.

Ẹnìkan lè wí pé, “Ẹ̀bùn kì í ṣe ohun tí à ń fi pamọ́. Bí ọ̀kan bá ṣàìsàn, kí èkejì máa bá iṣẹ́ lọ.” Ọ̀rọ̀ yìí ní ọgbọ́n nínú, pàápàá níbi tí oúnjẹ òòjọ́ bá wà nínú iṣẹ́ náà. Ilé tí ó bá sì fi agbára dá ọmọ rẹ̀ dúró, ẹ̀wọ̀n ni, kì í ṣe ẹbí. Síbẹ̀, ohùn kan kọ́ ni ayé gbọ́, bí kò ṣe ìrẹ́pọ̀ ohùn méjì. Bí a bá mú ọ̀kan kúrò, ohun tí ó kù lè dùn, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹ̀bùn ti ìṣáájú mọ́. Ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dé orí.

Kẹ́hìndé kú ní 2019. Ní 2024 a tún tẹ àwo wọn ti 1979, ‘Horizon Unlimited’, jáde fún àwọn tí a kò tíì bí nígbà tí wọ́n kọ ọ́. Ìdúró wọn kò pa orin náà.

Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́, nígbà tí ẹ bá ń yan ọmọ tí yóò dá orin, ẹ má ṣe gbàgbé èyí tí yóò gbè é. Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé pẹ̀lú, bí a bá yìn yín, ẹ bojú wẹ̀yìn kí ẹ wo elégbè yín.